Wákàtí Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Ìkúnlẹ̀: Bí Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ṣe Ń Dá àti Bí Ara Ìkókó Ṣe Ń Móoru

Bí ìkókó bá ti ké, ayọ̀ á gba gbogbo ilé. Ìyá ọkọ á bọ́ sórí eékún, bàbá ọmọ á gbé fóònù sétí, àwọn tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn á máa kí ara wọn kú ewu. Nínú yàrá ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì kò tíì jókòó. Ó ń nu ọmọ gbẹ, ó ń wo aago, ó fi ọwọ́ tẹ ikùn ìyá, ojú rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń ṣàn sábẹ́ ìyá náà. Lójú ẹni tí kò mọ ohun tó ń lọ, iṣẹ́ ńlá ti tán, ìmọ́tótó ló kù. Wákàtí yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lé lórí, torí pé ohun méjì tó le ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá yẹn. Ara ìyá gbọ́dọ̀ pa ojú ẹ̀jẹ̀ ńlá kan dé. Ara ọmọ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí, kó sì máa dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Ara mọ iṣẹ́ méjèèjì, ó sì sábà máa ń ṣe wọ́n láṣeyọrí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti ràn án lọ́wọ́, láti má ṣe dí i lọ́nà, àti láti tètè rí i bí ó bá kọsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá.

Ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọmọ láti inú. Òun ni oúnjẹ àti ọ́síjìn ń gbà kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ. Nígbà tí oyún bá pé oṣù, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo máa ń tó nǹkan bí 500 sí 700 mílílítà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára aboyún tó ti súnmọ́ ìrọbí jẹ́ nǹkan bíi lítà 5 sí 6. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀jẹ̀ yìí bá kàn ń dà sílẹ̀ láìsí ìdíwọ́, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ohun gbogbo á fi bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ibi ọmọ bá já kúrò lára ògiri, ẹnu àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti ń bọ́ ọ láti ọ̀pọ̀ oṣù wá á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí ló ń dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ohùn kan náà ni wọ́n fi ń dáhùn: “Ó máa dì ni.”

Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ọ̀bẹ bá gé wa níka, ẹ̀jẹ̀ á gba ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó dì. Níbi tí ìdajì lítà ti ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀. Iṣan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ògiri ilé ọmọ nípọn, iṣan ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn fọ́nrán iṣan yìí kò tò sọ́nà kan. Wọ́n ń kọjá lórí ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín wọn kọjá. Ẹ rántí àpò gàrí tí wọ́n fi okùn yí ẹnu rẹ̀ po. Bí a bá ti fa okùn náà, ẹnu àpò á pa dé, gàrí kò ní dà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ilé ọmọ ṣe ń fún ọrùn òpó ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ nígbà tó bá súnkì. Lẹ́yìn tí iṣan bá ti fún un ni ẹ̀jẹ̀ tó dì wá ń rí àyè dí ẹnu rẹ̀ pa.

Ẹ wá rí ìdí tí ọwọ́ nọ́ọ̀sì fi wà lórí ikùn ìyá. Lẹ́yìn tí ibi ọmọ bá ti jáde, orí ilé ọmọ máa ń wà ní bí ọ̀gangan ìdodo. Bí ó bá súnkì dáadáa, á le gbagidi lábẹ́ ọwọ́. Bí ó bá rọ̀, tí nọ́ọ̀sì ń wá a tí kò rí i, iṣan ti túra sílẹ̀ nìyẹn, ẹnu òpó ẹ̀jẹ̀ sì ti ń ṣí. Nọ́ọ̀sì á fi ọwọ́ ra á yípo títí á fi le, nítorí pé fífọwọ́rà máa ń jí iṣan náà láti súnkì. Ìyá lè sọ pé ó ń dun òun. Òótọ́ ni, ó máa ń dùn. Kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún un pé, “Màmá, ẹ má bínú, mò ń fọwọ́ wò ó kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀ jù.” Ìyá tó bá mọ ìdí á fara dà á, wọ́n tilẹ̀ lè kọ́ ọ bí òun fúnra rẹ̀ á ṣe máa fọwọ́ wò ó.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí rárá: ìtọ̀. Àpò ìtọ̀ wà níwájú ilé ọmọ, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn du àyè. Bí àpò ìtọ̀ bá kún, á ti ilé ọmọ sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní jẹ́ kó súnkì dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ìyá ìkókó lọ tọ̀, iṣẹ́ dídá ẹ̀jẹ̀ dúró ló ń ṣe. Ìyá tó ti ṣe ìrọbí láti òru mọ́jú lè má mọ̀ ọ́n lára pé àpò ìtọ̀ òun ti kún.

Kí ilé ọmọ rọ̀ láìsúnkì ló ń fa nǹkan bíi 7 nínú 10 ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Èyí tó kù máa ń wá láti ara ibi ọmọ tó ṣẹ́kù sínú, láti ojú ara tó ya nígbà tí ọmọ ń bọ̀, tàbí lára ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń tẹ́ ibi ọmọ sílẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní bóyá ó pé, kó tó jẹ́ kí ẹbí gbé e lọ sin. Bí ègé kékeré kan bá ṣẹ́kù sí ògiri ilé ọmọ, iṣan ibẹ̀ kò lè fún pọ̀ tán.

Ta ló ń pàṣẹ fún iṣan pé kó súnkì? Họ́mónù kan ni, oxytocin ni orúkọ rẹ̀. Abẹ́ ọpọlọ ló ti ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1906, Henry Dale, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé oje tí wọ́n yọ láti inú ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ máa ń mú kí ilé ọmọ ológbò súnkì. Ó di ọdún 1953 kí Vincent du Vigneaud ní Amẹ́ríkà tó mọ bí wọ́n ṣe to oxytocin, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to òmíràn nínú yàrá ìwádìí. Èròjà amínò 9 péré ló so pọ̀ di odindi họ́mónù yìí. Wọ́n fún du Vigneaud ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1955. Láti ìgbà náà ni a ti lè gún ìyá ní abẹ́rẹ́ ohun kan náà gẹ́lẹ́ tí ara rẹ̀ ń pèsè. Bí ọmọ bá ti jáde, tí nọ́ọ̀sì sì ti fọwọ́ kan ikùn láti rí i dájú pé ìbejì kò ṣẹ́kù sínú, ó yẹ kí ìyá gba oxytocin yúnìtì (IU) 10 láàárín ìṣẹ́jú kan, nínú iṣan itan. Gbogbo ìyá ló tọ́ sí, kì í ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀ nìkan. Bí ó ṣe ń dáàbò boni nìyẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ooru. Láàárín dígírì 2 sí 8 ló yẹ kí wọ́n máa tọ́jú oxytocin, ìyẹn nínú fíríìjì. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn kékeré kan, tí kò sí jẹnẹrétọ̀, omi tó wà nínú ìgò abẹ́rẹ́ á ṣì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè ti dínkù. Nọ́ọ̀sì á gún un, ilé ọmọ kò ní dáhùn. Ojú kò lè mọ èyí tó ti bàjẹ́ nínú wọn. Mo rò pé fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ṣe pàtàkì nílé ìgbẹ̀bí ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Oògùn mìíràn tó ń mú ilé ọmọ súnkì, carbetocin tí ooru kì í bà jẹ́, wà báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé dán an wò lára àwọn obìnrin tó sún mọ́ 30,000 ní orílẹ̀-èdè 10, Nàìjíríà wà lára wọn, àbájáde rẹ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 sì fi hàn pé kò rẹlẹ̀ sí oxytocin nínú dídènà ìsun ẹ̀jẹ̀. Misoprostol, tó jẹ́ oògùn oníhóró, kò nílò fíríìjì pẹ̀lú.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò nílò fíríìjì, ìyẹn ẹnu ọmọ. Bí ìkókó bá ti ń fa orí ọmú, ìròyìn á gba iṣan ìmọ̀lára dé ọpọlọ, ọpọlọ á sì tú oxytocin sílẹ̀. Obìnrin tó ti bímọ rí mọ̀ ọ́n dáadáa: bí ọmọ bá ti di ọmú mú lọ́jọ́ kìíní, ìkejì, inú á máa ta á bí ẹni pé ìrọbí fẹ́ padà. Ilé ọmọ ló ń súnkì yẹn. Ó máa ń le sí i fún ẹni tó ti bí mẹ́ta, mẹ́rin, ju ẹni tó bí àkọ́bí lọ. Fífún ọmọ lọ́mú kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́, àmọ́ ó ń kún un lọ́wọ́.

Mo wá fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ń bọ́. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù? Gbogbo ìyá ló ń da ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti pé 500 mílílítà láàárín wákàtí 24, a kà á sí ìsun ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ojú lásán mọ 500 mílílítà? Ẹ̀jẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ omi tó yí ọmọ ká. Ìlàjì rẹ̀ ti wọnú aṣọ, òmíràn ti ṣàn gba etí bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ìró aláró dúdú kì í fi ẹ̀jẹ̀ hàn. Ohun mìíràn tún ń tan ojú jẹ: ara ọ̀dọ́ obìnrin tó le máa ń bo àdánù mọ́lẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á máa lù kíákíá, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á fún pọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ó tilẹ̀ lè pàdánù tó lítà kan kí ìfúnpá tó já wálẹ̀. Nígbà tó bá fi já, ó ti pẹ́.

Ní ọdún 2023, àbájáde ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE jáde. Ilé ìwòsàn bí 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà ló kópa nínú rẹ̀, àwọn ìyá tó lé ní 200,000 ló sì bímọ níbẹ̀ láàárín àkókò ìwádìí náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kánò ló ṣáájú ti Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò ju náílọ́ọ̀nù kan lọ: wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ìyá, ó ní àpò nísàlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, wọ́n sì fa ìlà ìwọ̀n sí ara àpò náà. Nọ́ọ̀sì kò fojú díwọ̀n mọ́, ó ń kà á ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé ìlà 300 tí àmì ewu mìíràn sì wà, tàbí tó bá dé 500, wọn kò gbọ́dọ̀ dúró wò ó mọ́. Níbi tí wọ́n ti ń fojú díwọ̀n, nǹkan bí ìdajì ìsun ẹ̀jẹ̀ ni wọn kò mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti lo náílọ́ọ̀nù oníwọ̀n, wọ́n rí 93 nínú ọgọ́rùn-ún.

Rírí i nìkan kò tó. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbìyànjú ohun kan, wọ́n á dúró, tí kò bá ṣiṣẹ́ wọ́n á gbìyànjú òmíràn. E-MOTIVE kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sẹ́ẹ̀kan náà: kí wọ́n fọwọ́ ra ilé ọmọ, kí wọ́n fún ìyá ní oògùn tó ń mú un súnkì, kí wọ́n fún un ní tranexamic acid, kí wọ́n fa omi dírípù sí i lára, kí wọ́n yẹ ojú ara àti ibi ọmọ wò, kí wọ́n sì ké sí ẹni tó jù wọ́n lọ bí kò bá dá. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le jù dínkù, láti nǹkan bí ìyá 43 nínú 1,000 sí nǹkan bí 16. Oògùn tuntun kankan kò sí nínú gbogbo èyí, gbogbo rẹ̀ ló ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo máa ń ronú lórí ìyàtọ̀ láàárín 43 àti 16 yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ́ni nípa bí a ṣe ń wọn nǹkan, torí pé ìlà tí wọ́n fà sára náílọ́ọ̀nù wà lára ohun tó gba àwọn ìyá yẹn là.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa tranexamic acid, nítorí ẹni tó ṣàwárí rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, ara ní èròjà kan tó tún máa ń tú èyí tó dì náà. Lẹ́yìn ìbímọ, èròjà yẹn lè yára jù. Utako Okamoto, dókítà obìnrin ará Japan, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Shosuke, ṣe oògùn tó ń dí i lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún 1962. Ìsun ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó dán an wò lára àwọn ìyá tó pọ̀ tó: 20,000 ìyá ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2017 ni àbájáde jáde pé ó ń gba ẹ̀mí là, pàápàá bí wọ́n bá fún ìyá láàárín wákàtí 3. Okamoto ti kú ní ọdún 2016, ní ẹni ọdún 98.

Bí ilé ìwòsàn ńlá bá jìnnà, aṣọ kan wà tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ àti ikùn ìyá pinpin, tó ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn àti ọpọlọ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladosu Ojengbede ti Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ó tó àsìkò láti yíjú sí ọmọ.

Nínú oyún, omi ló kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ́síjìn rẹ̀ sì ń gba ìwọ́ wọlé. Lójijì, kò sí ìwọ́ mọ́. Omi inú ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ fà wọnú ara, kí afẹ́fẹ́ gba ipò rẹ̀. Nínú ìkókó 100, nǹkan bí 85 á mí fúnra wọn láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Nǹkan bí 10 mìíràn á mí bí wọ́n bá ń nù wọ́n gbẹ, tí wọ́n ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn. Àwọn díẹ̀ tó kù nílò kí wọ́n fi ìbòmú àti àpò afẹ́fẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kò sí ohun tí dída omi tútù sí ọmọ lára tàbí gbígbé e lẹ́sẹ̀ sókè ń ṣe fún un ju pé ó ń fi àkókò ṣòfò lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sínú káàdì ọmọ ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìkarùn-ún, Virginia Apgar ti New York ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1952: bí ọkàn ṣe ń lù, bí ọmọ ṣe ń mí, bí ara rẹ̀ ṣe le sí, bó ṣe ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, àti àwọ̀ rẹ̀. Fún àwọn ọmọ tiwa, ahọ́n àti inú ètè ni nọ́ọ̀sì máa ń wò fún ti àwọ̀.

Bí ọmọ bá ń mí dáadáa, kò sí ìkánjú láti gé ìwọ́. Ìkókó tó wọn kílò 3 ní nǹkan bí 250 mílílítà ẹ̀jẹ̀ lára. Bí nọ́ọ̀sì bá dúró fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ibi ọmọ, tó lè tó 80 mílílítà, á ṣàn sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Èròjà irin inú rẹ̀ ni ọmọ á máa jẹ fún oṣù mélòó kan, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Ìlú wa móoru, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn kì í fi í gbà pé òtútù lè pa ọmọ tuntun ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọmọ jáde pẹ̀lú omi lára. Omi tó ń gbẹ máa ń gba ooru lọ́wọ́ ohun tó ń gbẹ lára rẹ̀: gíráàmù omi kan á gba nǹkan bíi kílójúùlù 2.4. Ká ní omi tó kún ṣíbí tíì méjì, ìyẹn gíráàmù 10, gbẹ lára ọmọ. Kílójúùlù 24 ti lọ. Láti sọ ara ọmọ kílò 3 kalẹ̀ ní dígírì kan, a ó yọ nǹkan bíi kílójúùlù 10 tàbí díẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ ara ọmọ nìkan ni gbogbo ooru náà ti wá, tí kò sì rọ́pò rẹ̀, ṣíbí méjì yẹn tó láti sọ ọ́ kalẹ̀ ní dígírì 2. Ìwọ̀n ooru ara ìkókó gbọ́dọ̀ wà láàárín 36.5 sí 37.5. Àlàfo náà kò tó dígírì 2 rárá. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ọmọ gbẹ kíákíá, tí á ju aṣọ tó tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí á sì fi òmíràn tó gbẹ bo ọmọ àti orí rẹ̀.

Gbígbẹ omi nìkan kọ́. Afẹ́fẹ́ fáànù ń gbé ooru lọ. Irin òṣùwọ̀n tó tutù ń fà á, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tẹ́ aṣọ sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó gbé ọmọ lé e. Ògiri tó tutù ń gbà á láìfara kan ọmọ. Ìkókó kò lè gbọ̀n bíi tiwa. Ọ̀rá kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búráwùn, tó wà láàárín èjìká, lọ́rùn àti níbi kíndìnrín, ló ń jó láti fi móoru. Bí ọ̀rá yìí ṣe ń jó ni ọ́síjìn àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń tán lọ. Ọmọ tí òtútù mú á rẹ̀, kò ní lè fa ọmú. Kò fa ọmú, ṣúgà á túbọ̀ wálẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò ní ọ̀rá yìí púpọ̀, nítorí náà òun ló tètè ń jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìwẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mo mọ kànrìnkàn, mo mọ ọṣẹ dúdú, mo sì mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí ara ọmọ máa rùn tó bá dàgbà. Ohun funfun tó ń yọ̀ lára ọmọ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ń mú awọ rẹ̀ rọ̀, àwọn èròjà tó ń bá kòkòrò àìfojúrí jà sì wà nínú rẹ̀. Òórùn ara àgbàlagbà máa ń wá láti ara òógùn àti kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá bàlágà. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ìwẹ̀ ọjọ́ ìbí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí á fi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún ó kéré tán wákàtí 24. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ pa fáànù, ẹ nu ọmọ gbẹ kíá, ẹ wá fi òrí pa á. Òrí kò sá lọ.

Ibo ló wá yẹ kí ọmọ wà? Lórí àyà ìyá rẹ̀, ní ìhòòhò, ara kan ara, kí wọ́n fi aṣọ bo àwọn méjèèjì, fún wákàtí kan ó kéré tán. Ara ìyá móoru ní ìwọ̀n tí ọmọ nílò, kì í lọ bí iná, kì í sì í gbóná jù. Níbẹ̀ ni ọmọ ti máa ń wá ọmú fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ méjèèjì tí a ti ń sọ láti òwúrọ̀ ti pàdé: bí ọmọ ṣe ń móoru lórí àyà, tó ń fọwọ́ ra ọmú, ni oxytocin ń jáde lọ́pọlọ ìyá, tí ilé ọmọ sì ń súnkì. Nọ́ọ̀sì tó gbé ọmọ sórí àyà ìyá ti tọ́jú èèyàn méjì pọ̀. Omi ọyàn àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n, tí àwọn kan ń fún dànù, kún fún ohun tó ń gbógun ti àrùn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá torí pé ikùn ọmọ kò tíì gba púpọ̀.

Ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, lọ́dún 1978, dókítà Edgar Rey Sanabria kò ní ẹ̀rọ amúlémóoru tó tó fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ó ní kí àwọn ìyá so wọ́n mọ́ àyà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi rò pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì dúró kò lè bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti dán bíbẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà wò, pẹ̀lú Gánà, Màláwì, Tànsáníà àti Íńdíà. Àwọn ọmọ tó wọn kílò 1 sí nǹkan bí 1.8 ni wọ́n lò. Apá kan bẹ̀rẹ̀ sórí àyà ìyá kíákíá lẹ́yìn ìbí, nínú yàrá ìtọ́jú tí ìyá náà ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ sí. Apá kejì dúró títí ara ọmọ fi balẹ̀. Lọ́dún 2021, àbájáde jáde. Láàárín ọjọ́ 28, ọmọ 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú ní apá kìíní, nǹkan bí 16 ní apá kejì. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, torí pé kò tọ́ láti máa fi àǹfààní náà du àwọn ọmọ yòókù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ìmọ̀ràn rẹ̀ padà.

Ìyá kò gbọ́dọ̀ tètè lọ sílé. Wákàtí 24 ló yẹ kó lò lójú nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìbímọ tó rọrùn pàápàá. Fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì á máa padà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra: á fọwọ́ kan ikùn, á wo páàdì, á ka bí ọkàn ìyá ṣe ń lù. Ó lè bá ìyá lójú oorun, ó gbọ́dọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Á fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ pẹ̀lú; bí ẹsẹ̀ bá tutù ju ikùn lọ, ọmọ ń fẹ́ aṣọ tàbí àyà.

Kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ tọ́jú ìyá ìkókó nílé, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ, béèrè fún oògùn ìwọ́ tó ń jẹ́ chlorhexidine, kí wọ́n fi pa ojú ìwọ́, kí wọ́n má sì fi ohun mìíràn sí i, ìbáà jẹ́ iyọ̀ tàbí ìgbẹ́ màlúù. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń wà nínú ìgbẹ́ màlúù. Kí ó sì mọ àmì wọ̀nyí lórí: bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dínkù, tó rẹ páàdì méjì tàbí mẹ́ta láàárín ìdajì wákàtí, tí ojú ń ṣú u, tí àyà rẹ̀ ń já tàbí tí orí ń fọ́ ọ gan-an; bí ọmọ bá kọ ọmú, tí ara rẹ̀ tutù tàbí gbóná jù, tó ń mí kíákíá. Bí ó bá rí ìkankan nínú wọn, kí ó gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, àárọ̀ ni o, òru ni o, kí ó sì gbé ọmọ lé ìyá láyà nínú ọkọ̀.